Nọ́mbà Tó Wà Lára Igi Orógbó Rẹ

Òkèrèwè,
Ilé-Ifẹ̀.
Ọjọ́ Ajé.

Fikáyọ̀ Àjàní, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé ọ̀gá rẹ kò pariwo mọ́ ọ mọ́? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ọlọ́run tó mú ọ dé Èkó kò ní jẹ́ kí Èkó gbé ọ mì, ilẹ̀ tí o ń tẹ̀ kò ní yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, mọ́tò tí o bá wọ̀ yóò sọ̀ ọ́ síbi tí o ń lọ, àmín. Àdúrà yìí kò gùn tó èyí tí mo máa ń ṣe, má bínú, mi ò lè gbójú kúrò níbi tí mo ń wò ni.

Ìdí igi orógbó rẹ ni mo jókòó sí tí mo ń kọ ìwé yìí. Mo ti gbé àpótí síbẹ̀ láti àárọ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé igi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Oyèwọlé, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, mo ń rí eyín rẹ̀ láti ibi tí mo wà. Fóònù mi ti kú pẹ̀lú nọ́mbà rẹ nínú rẹ̀, o máa ka bó ṣe kú nísàlẹ̀. Aminullah tó ń wa mọ́tò lọ sí Èkó ló máa mú ìwé yìí wá fún ọ lọ́la.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ìyá Rùqáyyàh tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín àwa méjèèjì sọ fún mi pé ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Ẹgbẹ́ Olùtọ́jú Igi Ìbílẹ̀, pé oṣooṣù ni wọ́n ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní gbọ̀ngàn kan nítòsí wa, pé ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì ń fún èèyàn ní mínírà. Mo wọ bàtà, mo bá a lọ. Ọ̀gbẹ́ni Láoyè, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń kọ́ wa. Wọ́n fi iná gbé àwòrán ewé sára ògiri. Nígbà tí a ń jáde mo fọwọ́ kan ògiri náà, kò tutù, kò gbóná. Wọ́n ní àwọn igi tí a bá nílẹ̀ yìí ń tán lọ, orógbó ti ń dín kù nínú igbó, wọ́n wá béèrè ẹni tó bá ní èyí tó ti dàgbà lẹ́yìnkùlé. O mọ̀ mí, n kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ìyá Rùqáyyàh ló na ọwọ́ mi sókè fún mi.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni wọ́n dé, wọ́n ní ìrìn ìkẹ́kọ̀ọ́ ni. Wọ́n pọ̀, tàgbà tèwe, gbogbo wọn dé àkẹtẹ̀ bí ẹni pé òòrùn ilé wa mú ju ti ibòmíràn lọ. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ẹniolúwa fi téèpù wọn ìdí igi náà yí po bíi télọ̀ tó fẹ́ rán síkẹ́ẹ̀tì fún un, ẹlòmíràn sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé fóònù sókè, ó ní òun ń dúró kí sátẹ́láìtì rí ibi tí a wà. Mo sáré ká aṣọ orí okùn, nítorí ṣìmí mi wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n fi okùn so páànù pẹlẹbẹ kan mọ́ igi náà, wọ́n tẹ nọ́mbà sí i lára, mẹ́tàdínláàádọ́ta. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ.

Fikáyọ̀, nọ́mbà yẹn ni kò jẹ́ kí n lè jẹun. Ìwọ náà rántí àwọn ilé etí títì tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sí lára, tí a rò pé ètò ìkànìyàn ni, títí katapílà fi dé. Bàbá Oyèwọlé wo páànù náà, wọ́n mi orí. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ara igi ni nọ́mbà kọ́kọ́ ń wà kó tó bọ́ sára ògiri. Wọ́n ní bí a bá gé igi náà kí àwọn alákẹtẹ̀ tó padà wá, kí ni wọ́n máa rí tọ́ka sí? Mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n rántí pé ibi ọmọ tó tẹ̀lé ọ wáyé, abẹ́ igi yìí la bò ó mọ́, bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ló sì fọwọ́ ara wọn gbin igi náà lé e lórí. Wọ́n ní ṣé ìdí igi la máa sùn sí bí ilé bá wó?

Mo wá gbọ́n ọgbọ́n kan. Nígbà tí àwọn ará ilé Ìyá Rùqáyyàh lọ kí ìrun Àsárì, mo tú páànù náà, mo lọ so ó mọ́ igi máńgòrò rẹ̀. Mo délé, mo gbé oúnjẹ síwájú, àmọ́ ilé rẹ̀ ni mo ń rí tó ń wó, pẹ̀lú ìkòkò tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Mo padà lọ tú u. Mo ki páànù náà bọ abẹ́ ìrọ̀rí, ni mo bá rántí pé sátẹ́láìtì ń wá a, yóò gbà pé yàrá mi ni igi orógbó. Mo dìde, mo so ó padà síbi tó wà, okùn kan náà, kókó kan náà.

Mo pinnu pé n óò lọ bẹ̀ wọ́n. Sátidé tó kọjá ni ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn tún pé. Ọ̀gbẹ́ni Láoyè ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí mo lọ kúnlẹ̀ síwájú wọn, àwòrán ewé ń tàn sí mi lójú, mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ bá wa yọ nọ́mbà wa kúrò, opó ni mí, ilé kan ṣoṣo la ní. Wọ́n ní kí n dìde, ta ló fẹ́ wó ilé? Wọ́n ní nítorí kí ẹnikẹ́ni má bàa gé e ni àwọn ṣe fún un ní nọ́mbà, kí àwọn lè máa wá wò ó lọ́dọọdún, kí àwọn sì máa gba kóró rẹ̀ gbìn. Mi ò tíì gbà wọ́n gbọ́ tán ni fóònù mi dún. Ìyá Rùqáyyàh ni, kò bá mi lọ lọ́jọ́ náà. Ó ní Ìyá Fikáyọ̀, ẹsẹ̀ dà, Bàbá Oyèwọlé ti mú agégi wọlé, wọ́n ti ń fa okùn ẹ̀rọ.

Mo sáré. Gèlè mi bọ́. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn mi, mo rò pé wọ́n fẹ́ mú mi ni, mo tún ki eré mọ́lẹ̀. Àṣé gbogbo ẹgbẹ́ ló ń bọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Láoyè di ṣòkòtò mú. Fóònù bọ́ lọ́wọ́ mi, Ẹgbẹ́ Olùtọ́jú Igi Ìbílẹ̀ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, gbogbo wọn. Àwọn tó ń tajà lójú ọ̀nà ń pa ilẹ̀kùn dé, o mọ̀ pé ní ìlú wa, bí èrò bá ń sáré, a kì í béèrè ìdí.

Nígbà tí a dé, ẹ̀rọ ti wọ ara igi, oje ń sun jáde. Mo lọ gbá a mọ́ra. Agégi pa ẹ̀rọ. Ó ní igi ni wọ́n bá òun sọ, wọn ò sọ ti obìnrin.

Bàbá Oyèwọlé bínú gan-an. Wọ́n ní láti ìgbà wo ni ìyàwó ilé ti ń pàṣẹ lórí igi ilé. Ọ̀gbẹ́ni Láoyè dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú lẹ́búlẹ́bú igi. Bàbá Oyèwọlé wá ní ó dáa, ẹni tí ibi rẹ̀ wà lábẹ́ igi ló ni igi. Bí Fikáyọ̀ bá wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí àwọn má gé e, àwọn ò ní gé e. Àmọ́ bó bá di Ọjọ́rú tí àwọn ò rí i, kí ẹnikẹ́ni má dá àwọn lẹ́kun. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ti fóònù, àwọn ọmọ Yahoo ti ń fi ohùn ọlọ́hùn sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ náà kò fi tíì kúrò nílé.

Nítorí náà, máa bọ̀. Bí o bá dé, Bàbá Oyèwọlé ni kí o kọ́kọ́ kí, kí o dọ̀bálẹ̀ dáadáa, kí o tó yà sọ́dọ̀ mi. Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, mú díẹ̀ bọ̀ fún wáyà tí a máa fi yí igi náà ká, àti fún fóònù mi. Ọ̀gbẹ́ni Láoyè ní ó lè yè é bí ẹ̀rọ kò bá tún kàn án. Mo bi wọ́n pé nígbà tó jẹ́ pé igi náà ti ní nọ́mbà bíi ti NIN wa, ṣé ó lè gba pálíétíìfù tí ìjọba ń pín? Wọ́n ní àwọn ò tíì gbọ́ irú ẹ̀ rí. Mo ti ń gbà wọ́n gbọ́ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ mi ò tíì sá ṣìmí mi síta.

Ohun kan ṣẹ́kù tí mo fẹ́ bi ọ́. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni ẹ̀rọ ti wọ igi náà. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ṣé ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ kò dùn ọ́? Má fi pamọ́ fún mi.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ kankan gé ọ kúrò lórí ilẹ̀ tí o ti hù. Mi ò ní kúrò lórí àpótí yìí títí n óò fi rí ọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àníkẹ́.