Baba Ló Máa Dáná Náà

                                        Ilé Alájà Méjì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Epo,
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹjọ.

Àbúrò mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni? Ìyàwó ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé àbíkẹ́yìn rẹ ti ń sùn mọ́jú, àbí ó ṣì ń fi yín ṣe ọlọ́dẹ? Kú iṣẹ́, kú wàhálà. Ara tèmi le koko. Ara Baba náà le, ju bí wọ́n ṣe ròyìn rẹ̀ fún ọ lọ.

Mo gbọ́ pé Bọ̀ọ̀dá wa àgbà pè ọ́, wọ́n ní mo fẹ́ gbé Baba lọ pa sínú igbó. Mo sì rí iṣẹ́ tí o rán pé kí n ní sùúrù. Sùúrù ni baba ìwà, mo mọ̀. Baba tó bí wa lọ́mọ ni èmi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Gbọ́ ẹnu mi ná kí o tó dájọ́.

O mọ̀ pé láti kékeré wa, Baba ló ń fi ọkọ̀ gbé wa lọ pàgọ́ létí odò nígbà ìsinmi, àwọn ló sì ń dáná tí wọ́n ń sun ẹran. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan igi. Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú wọn lápá òsì, tí wọ́n di ẹni orí àga onítáyà, a kò lọ mọ́. Nígbà tí mo ní ó tó gẹ́ẹ́, a ń lọ lọ́dún yìí, Bọ̀ọ̀dá pe ìpàdé sí pálọ̀. Wọ́n ní kí a ra ààrò onígáàsì, kí Baba sì dúró sílé pẹ̀lú nọ́ọ̀sì. Lójú Baba ni wọ́n ti ń sọ ọ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àpótí tí kò ní gba inú ọkọ̀. Baba kàn ń fi ọwọ́ ọ̀tún fa ọwọ́ òsì mọ́ra.

Mo ní àwa àti Baba la jọ ń lọ, iná igi la sì máa dá. Gáàsì, ẹnì kan á yí i, iná á tàn, ó parí. Kí ni Baba máa wá ṣe níbẹ̀? Kí wọ́n jókòó, kí a máa fi ṣíbí bọ́ wọn létí odò?

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo gba ọjà lọ ra ààrò onígi. Wọ́n kọ́ wa nílé-ẹ̀kọ́ òwò pé kí èèyàn tó wo ọjà, kó kọ́kọ́ wo ẹni tó máa lò ó. Ọlọ́jà ń fi èyí tó ń dán, tó tóbi bí ibùsùn, hàn mí. Mo ní kó gbé àga wá. Mo jókòó, mo ki ọwọ́ òsì bọ ẹ̀yìn, mo wá ń dán àwọn ààrò wò lọ́kọ̀ọ̀kan: mo ń ki igi bọ̀ ọ́, mo ń yí ẹran tí kò sí. Àwọn èèyàn dúró, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọlọ́jà ní, "Àǹtí, ṣé ọwọ́ yín kejì ń ṣiṣẹ́ ṣá?"

Mo ní, "Tèmi ń ṣiṣẹ́. Tí o bá ti rẹ́rìn-ín tán, gbé òmíràn wá."

Èyí tó ga, mi ò rí inú rẹ̀. Èyí tó kúrú, orúnkún mi ni iná máa kọ́kọ́ sun. Òmíràn, àfi kí èèyàn gbé ẹran kúrò kó tó lè fi igi kún un: ọwọ́ wo ni Baba máa fi gbé e? Èyí tí mo rà, iwájú ni ẹnu rẹ̀ wà, ó bá ẹni tó jókòó dọ́gba, ẹsẹ̀ rẹ̀ rinlẹ̀, ó sì ṣeé ká. Àwo eérú rẹ̀ ṣeé fà yọ. Ó wúwo, ṣùgbọ́n èmi ni mo máa gbé e, kì í ṣe Bọ̀ọ̀dá. Ó gba inú búùtù ọkọ̀, ó sì fi ààyè sílẹ̀ fún àga Baba.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo gbé e sí ẹ̀yìnkùlé, mo ránṣẹ́ pe Bọ̀ọ̀dá. Baba há páálí ìṣáná sáàárín orúnkún, wọ́n ṣá igi ìṣáná kan. Ó ṣẹ́. Wọ́n ṣá òmíràn, atẹ́gùn pa á. Bọ̀ọ̀dá dìde. Mo ní, "Ẹ jókòó." Wọ́n wò mí bí ẹni fẹ́ gbá mi létí, mi ò yẹ̀. Èyí tó tẹ̀lé e mú. Èéfín bò wá, gbogbo wa ń húkọ́, ẹran jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí èédú. Baba fi ẹ̀mú yí i, wọ́n yíjú sí Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ní, "Ìwọ, gbé àwo wá."

Bọ̀ọ̀dá gbé àwo wá. Láti ìgbà tí àìsàn ti dé, Baba kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Àwa là ń pàṣẹ fún wọn: ẹ jẹun, ẹ lo oògùn, ẹ sùn.

Má rò pé Bọ̀ọ̀dá gbà o. Wọ́n jẹ ẹran tán, wọ́n nu ẹnu, wọ́n ní tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ta ni a máa bi? Mo ní èmi. Dókítà ti fọwọ́ sí i, nọ́ọ̀sì ń bá wa lọ, Baba fúnra wọn sì ní àwọn ń lọ. Bọ̀ọ̀dá ní kò sí ohun tó máa gbé àwọn débẹ̀.

Nítorí náà, má tún rán sùúrù sí mi. Ìdájí ọjọ́ Ẹtì la ó gbéra. Tí o bá ń bọ̀, tètè dé; mi ò ní dúró de ẹni tó ń wá bàtà. Bá mi kí ìyàwó, kí o gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Tí Bọ̀ọ̀dá bá sì tún pè ọ́, sọ fún wọn pé mo ti kó igi sórí ìjókòó wọn nínú ọkọ̀. Tí wọ́n bá yí ọkàn padà, wọ́n á gbé e lé itan.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí ò yẹsẹ̀,
Àǹtí Kíákíá.