Mọ́tò Bàbá Wa Gba Màmá Lọ́wọ́ Mi

                                        Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà,
                                        Ìkọ̀lé-Èkìtì.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kínní, ọdún 2025.

Ìyá Gift, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ru igi dàgbà,

O kú ọyẹ́ o. Ṣé ètè rẹ kò tíì bẹ́? Bàbá Gift ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti gbọ́ oògùn? Gift ńkọ́ ní yunifásítì ní Ọ̀yẹ́, ṣé ó ń jẹun, àbí ìwé ṣì ni ó ń fi ṣe oúnjẹ? Iṣu tí o fi ránṣẹ́ nígbà Kérésì dùn, ṣùgbọ́n mẹ́jọ ni mo bá nínú àpò, mẹ́wàá ni o ní o kó sí i. Máa ṣọ́ ọlọ́kadà yẹn. Ara wa le níbí, a dúpẹ́.

Má bi mí pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Etí Màmá ṣì mú ju ti ológbò lọ, òun gan-an ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

O rántí Píjò 504 Bàbá wa, aláwọ̀ ewé yẹn, tí a máa ń gbé sábẹ́ máńgòrò láti ìgbà tí Bàbá ti kú. Ọkọ mi ni ó ń fi gbé Màmá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti sí ọsibítù ní Ìdó. Ní oṣù Kọkànlá, Dèbórà àbúrò mi pè láti Àbújá. Ó ní ooru ń pa Màmá nínú mọ́tò lọ́sàn-án, òtútù sì ń mú un gbọ̀n láàárọ̀, pé òun máa ní kí wọ́n ṣe AC sí i, kí wọ́n sì ṣe hítà mọ́ ọn. Mo ní AC yé mi, hítà wá ńkọ́? Ṣé ìlú òyìnbó ni Ìkọ̀lé? Ó ní, "Àǹtí mi, owó mi ni, kì í ṣe tiyín." Bí ó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Fádèyí tó ń tún AC mọ́tò ṣe ní Ìdó ni ó gbé iṣẹ́ náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi tú mọ́tò sílẹ̀ lágbàlá wa. Ó so ẹ̀rọ AC mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó sì fa rọ́bà méjì gba abẹ́ dáṣíbọọ̀dù, kí omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì lè dé iwájú, kí fáànù sì fẹ́ ooru rẹ̀ jáde. Hítà náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ! Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta náírà ni Dèbórà san. Iyán ọjọ́ mẹ́ta tí Fádèyí jẹ lọ́wọ́ mi, kò sẹ́ni tó kà á mọ́ ọn.

AC kò bí mi nínú. Hítà ni. O mọ̀ pé tí ọyẹ́ bá ti dé, ìdí ààrò mi ni Màmá máa ń jókòó sí láàárọ̀. Màá kó igi sí iná, màá fi òrí ra á lẹ́sẹ̀, òun a sì máa sọ ẹni tó fẹ́ fẹ́ òun kí Bàbá tó dé, àti ẹni tó jí ewúrẹ́ ará ilé rẹ̀ gbé. Wákàtí kan péré ni, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mo ni ín. Dèbórà ní owó, ó ní ilé alájà. Èmi ní wákàtí yẹn.

Ọjọ́ tí hítà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Màmá wọ inú mọ́tò, kò fẹ́ jáde mọ́. Láràárọ̀ báyìí, ọkọ mi, ọ̀dàlẹ̀ yẹn, a sítáàtì mọ́tò fún un lábẹ́ máńgòrò, òun a wé gèlè, a jókòó síwájú bí ìyàwó bíṣọ́ọ̀bù. Epo ń jó, mọ́tò kò sì lọ ibì kankan! Mo ní kí ó wá sí ìdí iná. Ó yí gíláàsì wálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Fúnmi, èéfín uná rẹ pọ̀ jù. Dèbórà ti ra uná tí kì í rú èéfín fún mi." Ó tún yí gíláàsì padà sókè mọ́ mi lójú.

Ni mo bá ránṣẹ́ pe Fádèyí nígbà tí Màmá ń sùn lọ́sàn-án. Mo gbé iṣu mẹ́ta lé e lọ́wọ́, mo ní kí ó já rọ́bà hítà kúrò, kí omi gbígbóná má dé iwájú mọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá Moyin, mo ti rí ẹni tó ń jowú orogún. N kò rí ẹni tó ń jowú rọ́bà rí." Mo ní kí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kó gbé iṣu rẹ̀, kó máa lọ.

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, afẹ́fẹ́ tútù ni ó ń fẹ́ sí Màmá lẹ́sẹ̀ nínú mọ́tò. Mo ti dáná, mo ti yọ́ òrí, mo ń retí rẹ̀. Kò wá. Fóònù ni ó fà yọ. Mo gbọ́ ohùn Dèbórà ketekete: "Ẹ má ṣèyọnu, Màmá. Mò ń bọ̀ ní Sátidé, ẹ máa bá mi lọ sí Àbújá. Ẹ ò ní padà sínú òtútù yẹn mọ́."

Ọwọ́ mọ́tò ni mo ti fẹ́ gba Màmá, mo wá fẹ́ gbé e fún Dèbórà pátápátá! Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo sáré wá Fádèyí lọ. Kò gba iṣu lọ́tẹ̀ yìí. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ni ó gbà, láti tún so ohun tí òun fúnra rẹ̀ já. Mo san án, n kò dúnàádúrà.

Nígbà tí ooru padà dé, Màmá pe Dèbórà pé kó má wulẹ̀ wá, pé bí hítà bá ti ń ṣiṣẹ́, òun kò kúrò ní Ìkọ̀lé. Bí hítà bá ti ń ṣiṣẹ́! Ìyá Gift, èmi tí mo fẹ́ pa á ni mo ń jí da omi sí rédíétọ̀ báyìí, tí mo ń fọwọ́ kan rọ́bà wò bóyá ó ń jò, bí ẹni ń tọ́jú ọmọ orogún.

Láàárọ̀ òní, lẹ́yìn tí mo da omi náà tán, tí ọkọ mi sítáàtì mọ́tò tó sì bọ́ sílẹ̀, Màmá kan gíláàsì. "Ṣé o ò ní í wọlé ni? Àbí o fẹ́ kí òtútù pa ọ́?" Mo wọlé, mo jókòó sórí ìjókòó awakọ̀, mo pa ilẹ̀kùn dé. Òun ni ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn fúnra rẹ̀. Ìtàn Dèbórà ni, bí ó ṣe gbọ́n láti kékeré. Mo jókòó, mo ń gbọ́. Ibẹ̀ sì móoru, n kò lè purọ́ fún ọ. Ó móoru wọ inú eegun. Ìyẹn gan-an ni ó ń bí mi nínú jù.

Má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dé etí Dèbórà o, mo mọ̀ pé ẹ̀yin méjèèjì jọ ń sọ̀rọ̀ lórí wasáàpù. Bá mi kí Bàbá Gift, kí o sì sọ fún Gift pé kó yà sọ́dọ̀ wa tó bá ń ti Ọ̀yẹ́ bọ̀. Màmá ní kí n kí ọ. Láti inú mọ́tò ni ó ti sọ ọ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní fi ọ́ ṣe pààrọ̀ ẹnikẹ́ni,
Fúnmilọ́lá (Ìyá Moyin)