Kánólà Lalẹ̀hù Ọ̀gá Whitlock

Bàbá mi,

Ara mi le, mò ń jẹun dáadáa, Saskatoon sì dùn ún gbé. Ẹ jẹ́ n fi ọ̀gá wa pa yín lẹ́rìn-ín.

Ọ̀mọ̀wé Whitlock kó àwọn àgbẹ̀ wá wo irú kánólà tuntun, irúgbìn tí wọ́n ń fún òróró lára ẹ̀, tó ní òun ṣe. Ó wọ bàtà tí kò tẹ ẹrẹ̀ rí, ó nawọ́ sí oko, ó ní, "Ẹ wo bó ṣe kún. Kò sírú ẹ̀ ní gbogbo Kánádà." Bẹ́ẹ̀ irúgbìn tó gbìn ti jẹrà sínú ilẹ̀. Èyí tó bọ́ sílẹ̀ nígbà ìkórè èṣí ló hù káàkiri, kò sí ọ̀kan tó tò lórí ìlà. Ojú ti àwọn àgbẹ̀ bá a.

Mo ní, "Ọ̀gá, lalẹ̀hù lèyí."

Ó ní, "Myron, ṣé oko bàbá ẹ la wà ni?"

Mo ní, "Rárá, sà. Ti bàbá mi máa ń wà lórí ìlà."

Àwọn àgbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ojú ẹ̀ pọ́n bí ọbẹ̀ bọ́ọ̀ṣì Màmá.

Ẹ má kọ̀wé síbi iṣẹ́ mọ́ o, ilé Taras ọ̀rẹ́ mi ni kí ẹ máa fi ránṣẹ́ sí. Wọ́n fún mi ní ìsinmi, ó kàn gùn díẹ̀ ni.

Ẹ bá mi kí Màmá, kí wọ́n se pìrógì sílẹ̀. Bí ẹ bá rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má bi mí pé ta ló gbìn mí síbẹ̀. Lalẹ̀hù lèmi náà.

Ọmọ yín,
Myron