Sípánà Tí O Fi Sílẹ̀ Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Mi

Ọmọ mi àtàtà, oní-sípánà mi,

Mo kí ọ, mo kí ọ, mo tún kí ọ. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara rẹ le? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì wà lórí ilẹ̀ bí o ṣe ń ka ìwé yìí? Má rẹ́rìn-ín, mo mọ ohun tí mò ń béèrè. Ọlọ́run tó mú ọ dé ìlú ńlá yẹn kò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Àkàbà tí o bá gùn kò ní yẹ̀, okùn tí o bá dì mú kò ní já, òòyì kò ní kọ́ ọ lókè, àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kò sì ní di ọ̀tá rẹ. Àmín. Ìyá rẹ ń kí ọ. Àbúrò mi tó ń ránṣọ náà ń kí ọ, ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ti ní abẹ́rẹ́ tuntun.

Àlàáfíà la wà nílé, àfi ti omi. Ẹ̀rọ omi ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé, èyí tí olóògbé ọ̀gá rẹ fi kọ́ ọ níṣẹ́, ti dákẹ́. Bí a bá tẹ ọwọ́ rẹ̀ sísàlẹ̀, ńṣe ló ń mí hẹ̀ẹ̀ bí arúgbó tó ń gun òkè, kò sì ní pọ ẹ̀kán omi kan jáde. Odò ni gbogbo wa ń lọ báyìí, ìyá rẹ ò sì gbà kí n bá òun gbé garawa, ó ní tí mo bá ṣubú, àwọn ará ilé mi á ní òun ló tì mí.

Èmi ni àdúgbò rán lọ sí ọ́fíìsì omi pé kí n lọ fi ẹjọ́ sùn. O mọ ibẹ̀, ilé gígùn tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé, tí fáànù rẹ̀ máa ń mi orí bí ẹni tí kò gba ọ̀rọ̀ tí à ń sọ gbọ́. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ báyìí jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin onígíláàsì kan, ó sì ní sùúrù. Ó ní láyé ìsinsìnyí, wọn kì í kàn rán ẹni tó bá sún mọ́ wọn níṣẹ́ mọ́. Ó ní nǹkan kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó mọ orúkọ gbogbo àwọn tó ń tún nǹkan ṣe, tó mọ iṣẹ́ tí oníkálukú kọ́, tó mọ irinṣẹ́ tó wà àti ibi tó wà. Bí nǹkan bá ti bàjẹ́, òun akọ̀wé á kọ ọ́ sínú rẹ̀, yóò wá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà tí ọwọ́ rẹ̀ sì dilẹ̀, yóò wá irinṣẹ́ tó bá a mu, yóò so wọ́n pọ̀, yóò sì fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí onítọ̀hún lórí fóònù. Mo béèrè pé níbo ni ọ̀gbẹ́ni náà ń gbé. Ó ní kì í ṣe ènìyàn. Mo kàn wò ó ni. Ẹni tó mọ ibi tí sípánà oníkálukú wà, tó ń rán àgbà àtọmọdé níṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò sì jẹ́ bá a jiyàn, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ la ó máa pè ní nǹkan? Èmi ò lè rí wọn fín ní tèmi. Ọ̀gá Apínṣẹ́ ni mò ń pè wọ́n, nítorí mo rántí pé àwọn náà lo sọ fún mi nípa wọn, pé bí o bá ti di báàgì rẹ láti wálé ni wọ́n máa ń rán ọ lọ síbòmíràn.

Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá Apínṣẹ́ wò títí, orúkọ kan péré ni wọ́n gbé jáde pé ó mọ irú ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn, tìrẹ sì ni. Inú mi dùn débi pé mo sọ fún àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pé ọmọ mi nìyẹn. Àfi bí akọ̀wé ṣe fajú ro, ó ní ohun tí wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ ni pé kò sí ní àrọ́wọ́tó.

Ọmọ mi, ọkàn mi já. O ò mọ ìdí tó fi já. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni rédíò sọ pé òṣìṣẹ́ kan tó ń tún táńkì omi ṣe jábọ́ láti òkè ní ìlú tí o wà yẹn. Wọn ò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, wọn ò sọ bóyá ó kú tàbí ó yè, wọ́n kàn bọ́ sórí bọ́ọ̀lù. Mo pè ọ́ lọ́sàn-án, mo pè ọ́ lálẹ́, obìnrin inú fóònù ló ń dá mi lóhùn pé òun ò rí ọ. Ohùn rẹ̀ dára o, ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ, ṣùgbọ́n mo bi í pé ibo ló ti rí ọ kẹ́yìn, ó tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo yọ bátìrì rédíò kúrò kí ìyá rẹ má bàa gbọ́, mo ní rédíò ti bàjẹ́. Wàyí o, wọ́n tún ní o ò sí ní àrọ́wọ́tó. Akọ̀wé fi mí lọ́kàn balẹ̀ pé ó túmọ̀ sí pé o wà lẹ́nu iṣẹ́ mìíràn ni. Mo ní ṣé ó ń jẹun níbẹ̀? Ó ní kọ̀ǹpútà ò sọ ìyẹn. Mo ní kí ló wá ń sọ nígbà náà.

Ibẹ̀ ló ti wá sọ ọ̀rọ̀ tó là mí lójú. Ó ní bí ọwọ́ rẹ bá tilẹ̀ dilẹ̀, wọn ò ní rán ọ wá, nítorí sípánà ńlá tí wọ́n fi ń tú irú ẹ̀rọ yẹn ò sí ní ilé ìkó-irinṣẹ́ wọn mọ́, Ọ̀gá Apínṣẹ́ kì í sì í rán ènìyàn lọ síbi tí irinṣẹ́ ò sí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. Sípánà wo? Ṣebí èyí tí o fi sílẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi nígbà tí ò ń lọ ni, pé ó ti wúwo jù fún ọ láti gbé wọ ọkọ̀? Mi ò jẹ́ kó dípẹtà. Mo máa ń fi òróró nù ún, bí oorun ò bá sì kùn mí, mo máa ń nawọ́ sísàlẹ̀ kàn án pé ó wà níbẹ̀. Mo wá rò ó pé bí Ọ̀gá Apínṣẹ́ bá ti lè mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ni sípánà yìí wà, kò sí bí wọn ò ṣe ní rán ọ wá bá a. Bí o bá sì ti wọlé, màá fi ojú ara mi rí i pé o pé.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lọ gbé e wá nínú àpò. Akọ̀wé ṣí ojú ìwé tuntun, ó kọ orúkọ sípánà, ó kọ orúkọ mi pé ọwọ́ mi ló wà. Ojú ìwé náà wá béèrè pé iṣẹ́ wo ni èmi mọ̀. Akọ̀wé fẹ́ fò ó, ojú ìwé náà yarí, ó pọ́n ròrò, kò gbà kó kọjá. Mo ní kó dúró dè mí. Mo sáré délé, mo yọ ìwé-ẹ̀rí rẹ kúrò lára ògiri pálọ̀ tòun ti gíláàsì rẹ̀, mo gbé e dé iwájú rẹ̀. Mo ní èmi ni mo bí ẹni tó ni ín, ara ògiri mi ló wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún un, orúkọ ìdílé tó wà níbẹ̀ náà sì ni tèmi. Akọ̀wé wo aago, wọ́n ti fẹ́ palẹ̀ mọ́. Ó mí kanlẹ̀, ó sì tẹ gbogbo rẹ̀ sórí orúkọ mi. Mo ṣàdúrà fún un gan-an, mo sì lọ sílé lọ tún yàrá rẹ ṣe.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù dún. Mo rò pé ìwọ ni. Ọ̀gá Apínṣẹ́ ni. Wọn ò ní ẹ káàárọ̀, wọn ò béèrè bóyá mo jí dáadáa, wọ́n kàn ní iṣẹ́ dé fún mi, pé kí n lọ tún ẹ̀rọ omi ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé ṣe. Ẹ̀rọ omi wa! Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí wọ́n torí rẹ̀ pè ọ́ wálé, èmi ni wọ́n gbé e fún. Wọ́n ní bí mo bá gbà kí n tẹ oókan, bí mo bá kọ̀ kí n tẹ eéjì. Mo kọ́kọ́ kọ èsì tó bójú mu: mo kí wọn, mo béèrè àlàáfíà ìyàwó àtàwọn ọmọ wọn, mo ṣàlàyé pé ọmọ mi ni mo ní lọ́kàn. Wọ́n dá a padà pé ọ̀rọ̀ mi ò yé àwọn, kí n tẹ oókan tàbí eéjì.

Mo ronú sí i. Pẹ̀lú gbogbo ewú orí mi yìí, ẹni tí kò bá kí mi kó tó rán mi níṣẹ́, àgbà tó ju bàbá mi lọ ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ iṣẹ́ àgbà sí i lójú? Bí ènìyàn ò tilẹ̀ ní lè lọ, a kọ́kọ́ máa ń dáhùn pé a ti gbọ́ ni, lẹ́yìn náà la ó rán ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ lọ bẹ̀bẹ̀. Mo tẹ oókan. Mo wá lọ bẹ akọ̀wé pé kó bá mi lọ bẹ̀bẹ̀, ni ọmọ yẹn bá dorí mú. Ó ní nígbà tí mo ti gbà á, Ọ̀gá Apínṣẹ́ ti ka iṣẹ́ náà sí èyí tó ti ní olówó orí, pé wọn ò ní rán ẹlòmíràn wá mọ́, àti pé ìwọ tí mò ń wá gan-an, wọ́n ti yọ orúkọ rẹ kúrò níbẹ̀.

Kí ni kí n ṣe? Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ jókòó ti ẹ̀rọ náà pẹ̀lú sípánà lórí itan. Àwọn tó ń ti odò bọ̀ á kí mi pé ẹ kú iṣẹ́ o, mẹ́káníìkì, màá ní ẹ ṣé. Tíṣà béèrè ìgbà tí omi máa yọ, mo ní mo ṣì ń wò ó ni. Tó bá di àárọ̀, Ọ̀gá Apínṣẹ́ á ní iṣẹ́ mi ò tíì parí. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ní iṣẹ́ mi ti pẹ́. Mi ò lè jẹun dáadáa mọ́. Àbúrò mi ní kí n ju fóònù sódò kí n sinmi, mo bi í pé bí ìpè rẹ bá wá wọlé ńkọ́, ibo ló fẹ́ kó gbà wọlé?

Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ ni àṣírí ti wá tú. Mo bá a lẹ́yìn ilé ìdáná, fóònù wà létí rẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, obìnrin kan náà ló ń dá a lóhùn. Àṣé ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó jábọ́ yẹn lọ́dọ̀ onídìrí kó tó dé orí rédíò tèmi, ó ń fi í pa mọ́ fún mi nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Ó ti rí bátìrì rédíò nínú fìlà mi, ó sì dá a padà síbẹ̀. A jókòó sórí àpótí, mo rò gbogbo rẹ̀ fún un. Ó bi mí bóyá lóòótọ́ ni mo tẹ oókan, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Àná ni Ọ̀gá Apínṣẹ́ tún ránṣẹ́. Ìyá rẹ ló kà á fún mi. Wọ́n ní táńkì ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní ìlú yín fẹ́ àtúnṣe ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, òṣìṣẹ́ méjì ni wọ́n sì so pọ̀ fún un, ẹni tó máa gùn ún àti ẹni tó máa mú sípánà ńlá wá. Orúkọ rẹ ni àkọ́kọ́. Tèmi ló tẹ̀ lé e. Mo ní kó tún orúkọ àkọ́kọ́ yẹn kà. Ó tún un kà. Mo ní lẹ́ẹ̀kan sí i. A gbé fóònù náà tọ akọ̀wé lọ, ó wo kọ̀ǹpútà, ó ní o ti wà ní àrọ́wọ́tó, pé ìwọ fúnra rẹ lo fọwọ́ ara rẹ tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ àná pé o ti ṣetán fún iṣẹ́. Mo sunkún, ọmọ mi. Níwájú akọ̀wé yẹn àti gbogbo àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ni mo ti sunkún, ojú ò tì mí.

Mo tẹ oókan. Kì í ṣe pé mò ń bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni lọ́tẹ̀ yìí.

Nítorí náà, jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ rán awakọ̀ tó mú ìwé yìí wá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń padà. Fi díẹ̀ lé e fún bàtà, wọ́n ní òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ wọ bàtà líle kó sì dé akoto. Ìkòkò kékeré kan wà tó gba orí mi, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ò gbà kí n gbé e lọ. Bí o bá rí Ọ̀gá Apínṣẹ́, bá mi kí wọn, má sì tíì sọ fún wọn pé mo ti dàgbà títí a ó fi ríra. Bí a bá ṣe tán níbẹ̀, kí o bá mi wálé wá ṣe ẹ̀rọ omi, iṣẹ́ mi ni, mo kàn ń wá ẹni tó máa ràn mí lọ́wọ́ ni. Mi ò ní gun táńkì o, fọkàn balẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni màá dúró sí, màá di àkàbà mú fún ọ. Mi ò rò pé ìyẹn ń fẹ́ ìwé-ẹ̀rí.

Bí o ṣe ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ni wàá máa sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n, ilé kò ní jìnnà sí ọ, a ó sì bá ara wa lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn yẹn láàyè àti ní pípé.

Èmi ni bàbá rẹ, tó wà ní àrọ́wọ́tó.