Ìyá Mi Ní Kí N Gbọ́ Tẹnu Òun Náà

Ẹ̀yin olóòtú ètò wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Mò ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá. Mo ti yege ìdánwò. Ó ku ìwádìí mi: kí n fọ̀rọ̀ wá àwọn ìyá tí ọmọ kú mọ́ lójú lẹ́nu wò. Yunifásítì ní wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹbí mi. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo kú mọ́ ìyá tèmi náà lójú.

Lánàá, ìyá mi jókòó tì mí. "Ìyá oníyàá lo fẹ́ gbọ́ tẹnu wọn. Èmi ńkọ́?"

Mo ní òfin ò gbà bẹ́ẹ̀.

"Má kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà. Ṣáà gbọ́."

Mo fò dìde, mo ní mo fẹ́ lọ ra búrẹ́dì. Búrẹ́dì wà lórí tábìlì níwájú wa.

Látìgbà náà, ara mi ò balẹ̀. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi dá sí i: ṣé òfin ló dì mí lọ́wọ́, àbí èmi ni mò ń sá?