Okùn Méjì Láti Orí Òrùlé

Ojúlé Kejìlélógún,
Òpópónà Umuota,
Obosi, lẹ́bàá Onitsha,
Ìpínlẹ̀ Anambra.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi Akínbíyìí, ẹni ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ìyàwó yín ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú ìgbà òjò yìí. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Bàbá Ìfẹ́ kí yín, àwọn ọmọ ṣì wà ní ìsinmi. Ara Màmá le, ìbàdí tó fi ṣubú létí kànga lọ́dún tó kọjá kò dùn ún mọ́, àfi bí òtútù bá mú.

Ẹ ó máa rò ó pé kí ló dé tí mo ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí ohun tí mo lè sọ lórí fóònù nínú ilé yìí tí Màmá kò ní gbọ́. Abíọ́dún tó ń ta aṣọ nítòsí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ń bọ̀ nílé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òun ni yóò mú lẹ́tà yìí wá. Ọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe fẹ́ wá mú Màmá padà sí Ọ̀yọ́ níparí oṣù yìí ni mo fẹ́ sọ.

Ohun tó fẹjọ́ rẹ̀ sùn yín ni pé òun kò gbọ́ Yorùbá nílé wa. Kò parọ́. Ìgbò ni Ìfẹ́ àti àbúrò rẹ̀ fi ń ṣeré. "Mama Nnukwu" ni wọ́n ń pè é, bí àwọn ọmọ àdúgbò ṣe ń pe ìyá àgbà tiwọn. Èmi àti Bàbá Ìfẹ́ kì í sì í sí nílé títí di ìrọ̀lẹ́. Fíìmù Yorùbá orí tẹlifíṣọ̀n ló kù fún un, àwọn ọmọ kì í sì í jẹ́ kó rí i wò torí kàtúùnù. Ẹ̀rù ń bà mí. Bó bá padà sílé ńlá yẹn, òun nìkan ni yóò máa gbé e, ẹ̀yin náà sì ń wa ọkọ̀ lọ Sókótó. Ta ni yóò gbé e dìde bó bá tún ṣubú?

Ìdí nìyí tá a fi ra àpótí dikódà tuntun tó lè mú ìkànnì méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ti àwọn ọmọ ní pálọ̀, ti Màmá nínú yàrá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní ṣe é àfi bí wáyà méjì bá ti orí díìṣì wá, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wọ ihò tirẹ̀. Chijindu tó ń to díìṣì ní Ogidi ló bá wa ṣe é. Ó gun òrùlé, ó pààrọ̀ ojú díìṣì sí oníhò méjì, ó fa wáyà kejì gba ojú fèrèsé wọlé. Lọ́jọ́ yẹn, Màmá jókòó ti fíìmù rẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, tẹlifíṣọ̀n Màmá ò mú nǹkan kan. Mo pe Chijindu. Ó wá, ó wo ẹ̀yìn àpótí, ó ní wáyà kan ló ti jáde. Ó tún un dè, ó lọ. Lọ́jọ́ kẹta, kò tún mú. Ẹ̀gbọ́n mi, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo pe ọkùnrin yìí! Bí òní bá dára, ọ̀la á bàjẹ́. Nígbà mìíràn, inú ihò tí kì í ṣe tirẹ̀ la máa ń bá wáyà. Ó sú mi pátápátá. Lẹ́ẹ̀kẹfà, Chijindu nu òógùn ojú, ó ní, "Madam, I swear, I tight am well. Na person dey comot this thing."

Orí mi gbóná. Mo ní, "Which person? Na spirit dey my house?" Mo bú u débi pé gbogbo ará ilé jáde síta. Mo ní bí ọmọṣẹ́ mi bá rán bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀, n kò ní jẹ́ kó jókòó sídìí ẹ̀rọ mọ́. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Mo wá dojú kọ Ìfẹ́, mo fà á létí, mo ní òun ló ń yọ wáyà kí ìyá àgbà má bàa rí fíìmù wò. Ọmọ ń sunkún, ó ń fi Ìgbò búra. Màmá jókòó síbẹ̀, ó ń wolẹ̀. Kò pẹ́ sí i ló pè yín pé òun fẹ́ máa bọ̀ nílé.

Lọ́jọ́ Ajé, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ mi ṣẹ́, òjò sì ti ṣú dùdù, ni mo bá ti ṣọ́ọ̀bù, mo gba ilé lọ lọ́sàn-án. Mo bá ìró Màmá lórí dígí pálọ̀, ó ti fi bò ó. Àwọn ọmọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wọ bàtà rọ́bà, wọ́n dákẹ́ bí ẹni wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá ti pa fóònù rẹ̀. Ẹ̀yin sì máa ń bínú pé kì í gbé ìpè yín lọ́sàn-án! Màmá fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, pẹ̀lú ìbàdí yẹn, ó ń tú wáyà.

Mo kígbe. Ó ní kí n rọra, ààrá ń bọ̀. "Ìwọ lo gbé irin lé orí òrùlé," ó ní, "tó o tún fi okùn fà á wọ ilé tí ọmọ wà. Nígbà tó jẹ́ ọ̀kan, mo ń fara dà á. O wá sọ ọ́ di méjì!" Àṣé gbogbo ìgbà tí òjò bá ti ṣú ló ń tú méjèèjì. Bí òjò bá dá, á fi ìka wá ihò lẹ́yìn àpótí, èyí tọ́wọ́ rẹ̀ bá bà ni yóò sì dè é sí. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní torí òun la ṣe rà á, òun ò sì fẹ́ kí ọkọ mi máa fi òun rẹ́rìn-ín bí ará oko.

Inú bí mi, ẹ̀rín ń pa mí, ojú sì ń tì mí. Mo bẹ Ìfẹ́. Mo gbé ìrẹsì lọ fún Chijindu ní Ogidi, mo bẹ̀ ẹ́ níwájú èèyàn bí mo ṣe bú u níwájú èèyàn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mama no do bad. My own mama dey do am. Rainy season, na so e suppose be." Mo wá so òwú pupa mọ́ wáyà kan, mo lẹ ègé aṣọ pupa mọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò rẹ̀, mo sì ṣe ìkejì ní funfun. Ìfẹ́ ló ń tan tọ́ọ̀ṣì fún ìyá àgbà báyìí, ó sì gbọ́dọ̀ pe pupa àti funfun ní Yorùbá kí Màmá tó gbà á láyè.

Mo wá sọ fún Màmá pé ẹ ti ń múra láti wá mú un. Ó tún ìró rẹ̀ ró. Ó ní, "Bí mo bá lọ, ta ni yóò máa tú okùn yẹn bí òjò bá ṣú? Ṣé ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá mú un. Ẹ wá kí wa, ẹ wá jẹun, kí ẹ sì fi àpò rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó wà. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, Tẹjúmọ́lá àti gbogbo ará ilé. Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí. Ojú ọ̀run ti tún dúdú, Màmá sì ti ń pe Ìfẹ́ pé kó gbé tọ́ọ̀ṣì wá.

Èmi àbúrò yín tó ń retí èsì,
Ọmọ́lábákẹ́.