Màmá, Ilá Tí Ẹ Ní Kí N Fi Ránṣẹ́ Padà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin Màmá mi ní àdúgbò Sokoura, ní Bouaké. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà kí n tó jókòó kọ̀wé yìí, bí ilẹ̀ pákó ilé wa tilẹ̀ tutù débi pé orúnkún ń dùn mí. Bọ̀dá mi Dáníẹ́lì, mo kí yín, ẹ̀yin tí ẹ ó ka lẹ́tà yìí sí Màmá létí. Ìyàwó wa, o kú ìtọ́jú Màmá, o kú ẹsẹ̀ wọn tí o ń bá wọn fi ìpara ra. Ẹ̀yin ìyá ìjọ pẹ̀lú, mo kí yín o, nítorí mo mọ̀ pé kò sí bí wọ́n ṣe máa kà á tí kò ní dé etí yín.

Gbangba ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ mi jáde. Bọ̀dá sọ fún mi pé nígbà tí ìsìn parí, ẹ dìde láàárín àwọn ìyá ìjọ, ẹ ní kí wọ́n bá yín gbàdúrà fún Àṣàkẹ́ ọmọ yín tó wà ní Kánádà, tí kò jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí lékọ́ọ̀lù, iléèwé bíi ti ẹgbẹ́ wọn, tó há wọn mọ́lé, tó sọ wọ́n di àgbẹ̀ inú yìnyín. Kí wọ́n tó ṣe àmín tán, gbogbo Anago, gbogbo àwa Yorùbá tó wà ní Bouaké, ti gbọ́. Ẹni tí wọ́n bá fẹjọ́ rẹ̀ sùn ní gbangba, ẹ jẹ́ kí òun náà rojọ́ tirẹ̀ ní gbangba.

Ohun méjì lẹ béèrè lọ́wọ́ mi. Ẹ ní kí n fa Ìbídùn, ọmọ mi obìnrin tó pé ọdún mẹ́wàá, lé ọ̀rẹ́ Bọ̀dá lọ́wọ́ tó bá ń bọ̀ wálé lóṣù tó ń bọ̀, kó wá máa gbé ọ̀dọ̀ yín, kó máa lọ sí iléèwé bí ọmọ èèyàn. Ẹ tún ní kí n di irúgbìn ilá ìyá yín mọ́ ọn lọ́wọ́, nítorí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí ẹ gbìn lọ́dún tó kọjá, kòkòrò sì ti jẹ èyí tí ẹ fi há àjà ilé ìdáná. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ni inú ti ń bí mi. Ọ̀rọ̀ ti ọmọ lè bí èèyàn nínú lóòótọ́. Ti ilá ló ń dẹ́rù bà mí, ẹ ó gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí iléèwé bẹ̀rẹ̀. Bouaké la bí Ìbídùn sí, ọwọ́ yín ló ti kọ́kọ́ wẹ̀. Faransé ló fi ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré ní Sokoura, ó ń fi èdè Júlà bá àwọn oníbàárà yín ná ọjà abọ́ nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. A dé ibí, olùkọ́ rẹ̀ ní òun kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Faransé náà ni o! Wọ́n bá kó o sí kíláàsì àwọn tí kò gbọ́ Faransé rárá. Abúlé la ń gbé, nítorí náà bọ́ọ̀sì ti máa ń gbé e kí ojúmọ́ tó mọ́, wákàtí kan lọ, wákàtí kan bọ̀. Nígbà tó fi di oṣù kẹta, ọmọ tí ẹ máa ń sọ pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi kò sọ̀rọ̀ mọ́. Á wọlé, á bọ́ bàtà, á jókòó ti ògiri. Oúnjẹ tí mo dì fún un, bó ṣe gbé e lọ ló ń gbé e bọ̀. Mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Wọn ò lù ú, wọn ò bú u. Wọn ò kàn gbọ́ ọ ni.

Bàbá rẹ̀ ló ní ká máa kọ́ ọ nílé. Èmi ni mo kọ́kọ́ yarí. Mo ní kí ni èmi tí mo dàgbà sí ìdí abọ́ lọ́jà mọ̀ tí mo fẹ́ fi kọ́ ọmọ? Ṣùgbọ́n ìjọba ibí gbà á láyè. Èèyàn á kọ̀wé sí wọn pé báyìí báyìí lòun máa ṣe kọ́ ọmọ òun, wọ́n á sì rán ẹnì kan wá wò ó bóyá ọmọ náà ń mọ nǹkan. Bó ṣe kan ẹ̀gbọ́n ló kan àbúrò, Ìṣọ̀lá náà kò lọ mọ́. Bó ṣe rí nìyẹn, kò sí ẹni tó há ẹnikẹ́ni mọ́lé.

Ẹ tún rò pé ìgbádùn ni. Màmá, ó rẹ̀ mí! Bàbá wọn á ti jáde lọ síbi tí wọ́n ti ń gé adìẹ sínú páálí. Á ku èmi, tábìlì kan, àti ọmọ méjì. Ìbídùn á jókòó sórí àga, Ìṣọ̀lá á wà lábẹ́ tábìlì, á ní ibẹ̀ ni etí òun ti ń gbọ́ ìwé. Mo ń bó ànàmọ́ lọ́wọ́ kan, mo ń pe ọ̀rọ̀ Faransé fún wọn kọ, mo sì mọ̀ nínú ara mi pé èmi gan-an kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìdajì wọn. Ká tó dé ìdí ìṣirò, mo ti pariwo lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà míì mo máa ń lọ ti ìlẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ mọ́rí, màá sunkún díẹ̀, màá fi omi bọ́jú, màá padà wá bá wọn pín ànàmọ́ sí ìdá mẹ́jọ. Mi ò fẹ́ràn iṣẹ́ olùkọ́. Ẹ ò bí mi ní olùkọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ti ń sọ̀rọ̀ padà, àsọjù gan-an ni.

Kò sí obìnrin kan tí mo lè bá jókòó sọ ọ́. Aládùúgbò wa tó sún mọ́ wa jù lọ, ìyá arúgbó kan ni, pápá gbọọrọ ló wà láàárín wa. Tó bá rí mi, á béèrè bóyá òtútù ń mú mi, màá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Ẹ má fi òtútù ibí wé ọyẹ́ o. Ọyẹ́ a máa fẹ́, a sì máa lọ. Òtútù ibí dà bí àlejò tí kò mọ ilé lọ. Kí n tó wọ ẹ̀wù fún ọmọ méjì, kí n wọ̀ wọ́n ní bàtà àti ìbọ̀wọ́ kí wọ́n lè fara kan ìta, ọ̀kan á ní ìtọ̀ ń gbọ̀n òun. Ìyàwó wa sọ nínú ohùn tó fi ránṣẹ́ pé ẹni tó wà ní Kánádà, owó ló ń já bọ́ lé e lórí. Yìnyín ló ń já bọ́ lé wa lórí, ẹ bá mi sọ fún un.

Ọgbà nìkan ló ń tù mí lára. Ní oṣù bíi mẹ́rin tí ilẹ̀ fi ń rọ̀, a ń gbin ànàmọ́, kábéèjì, àlùbọ́sà àti ẹ̀wà sínú àpótí pákó ńláńlá tí bàbá wọn kàn sẹ́yìn ilé. Níbẹ̀ ni Ìbídùn ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ tó pọ̀ jù. Ó ní ọ̀pá kékeré kan tí wọ́n fi ń wọn ooru. Láràárọ̀, á tì í bọ inú ilẹ̀, á wò ó, á kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ bí akọ̀wé ìlú.

Wàyí o, ilá. Màmá, ẹ fi ara balẹ̀.

Gbogbo wa la mọ ìtàn rẹ̀. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá yín ti mú un lọ sí Gáánà. Nígbà tí wọ́n lé wọn ní Gáánà, ẹ̀yin wà ní ọmọdé, ẹ kò rí nǹkan púpọ̀ kó, ṣùgbọ́n ìyá yín so irúgbìn náà mọ́ etí ìró, ó sì gbé e dé Bouaké. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni ẹ ti ń gbìn ín láti ìgbà náà. Ọjọ́ tí mo ń lọ, ẹ fún mi ní ẹ̀kún ọwọ́ kan nínú ìwé ìròyìn. Ẹ sì tún un sọ fún mi pé ìyá yín kì í gbin irúgbìn tán lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní kí ti àjà máa wà kí ti ilẹ̀ tó wà.

Nígbà tó di oṣù karùn-ún tó kọjá, ẹ pè mí. Ẹ ní òjò ti ń rọ̀ dáadáa ní Bouaké, kí ló dé tí mi ò tíì gbìn ín, ṣé mo fẹ́ kó bà jẹ́ ni? Oòrùn ràn lọ́sẹ̀ náà, ara mi yá gágá. Mo ní kí n gbin gbogbo rẹ̀ kí n lè rí ilá gbígbẹ púpọ̀ fi ránṣẹ́ sí yín. Ìbídùn gbé ìwé rẹ̀ wá. Ó ní ilẹ̀ kò tíì gbóná tó, ó ní kí n ní sùúrù di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Mo jágbe mọ́ ọn. Mo bi í pé láàárín òun àti ìyá ìyá rẹ̀, ta ló ti ń gbin ilá láti ọjọ́ tó pẹ́. Ó dákẹ́. Ìdákẹ́ tó mú bọ̀ láti iléèwé nígbà yẹn ni mo rí lójú rẹ̀, mi ò sì kà á sí.

Ilá hù. Ó yọ ewé méjì méjì, mo ń jó nínú ọgbà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo jáde, mo bá ìrì dídì lórí gbogbo rẹ̀, funfun. Nígbà tí oòrùn fi máa yọ, gbogbo rẹ̀ ti dúdú, ó rọ̀ bí ewé tí wọ́n bọ̀. Ọ̀kan kò kù.

Irọ́ ni mo pa fún yín, Màmá. Àwòrán tí mo fi ránṣẹ́, tí ẹ gbé ká ọjà, ewé elégédé aládùúgbò mi ni. Mo dúró jìnnà yà á. Ẹ ní ewé rẹ̀ ti fẹ̀ jù, mo ní ilẹ̀ ibí ló lọ́ràá. Ojú ń tì mí láti ọjọ́ náà. Ohun tí ìyá yín fi ìró gbé la ìlú kọjá, èmi ni mo fi ìwọra pa á. Nígbà tí mo wá gbọ́ pé tiyín náà ti bà jẹ́, mi ò lè gbé ìpè yín fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ rò pé ìbínú ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń wá ìbọ̀wọ́ Ìṣọ̀lá nínú àpótí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo rí ìgò oògùn kékeré kan. Mo mì í, ó ń dún. Ìbídùn ti lẹ bébà mọ́ ọn, ó sì kọ ọ́ ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì gbogbo bí mo ṣe kọ́ ọ: Ilá Ìyá Bouaké. Ẹ má gbìn ín síbí o.

Irúgbìn mọ́kànlélógún ni. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mo pè é. Ẹ̀rù ń bà á, ó rò pé màá nà án. Ó ní nígbà tí mo rẹ irúgbìn sínú omi lòun bù díẹ̀ níbẹ̀, òun sì sá a gbẹ, nítorí ẹ̀yin lẹ sọ fún òun lórí fóònù pé a kì í gbìn ín tán. Ṣé ẹ rí i pé ẹ̀yin náà wà lára àwọn olùkọ́ rẹ̀? Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ fún mi láti ọjọ́ yìí tí mo ti ń dààmú. Ó ní òun mọ̀ pé màá tún gbìn ín ni. Ó ní òun ń tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tóun bá dé ọ̀dọ̀ yín, níbi tí ilẹ̀ ti gbóná. Ó ti ń retí ọjọ́ náà. Èmi tí mo ti ń bá gbogbo ayé jà lórí ọmọ yìí, mi ò bi í rí bóyá àárò yín ń sọ ọ́. Ó dùn mí ju ìrì dídì lọ.

Èsì mi rèé. Mi ò ní fa ọmọ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lóṣù tó ń bọ̀, mi ò sì ní fa ilá lé e lọ́wọ́. Inú ṣì ń bí mi lórí àdúrà gbangba yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n tí òjò àkọ́rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ ní Bouaké, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ Ìbídùn ní ibí bá wà lórí àga ní kíláàsì, èmi àti àwọn ọmọ méjèèjì máa wà ní Sokoura. Kò sí ọ̀gá iléèwé tí a máa tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé wọn á bá wa wá, tábìlì yín á gbà wọ́n. Ẹ ó jọ gbìn ín, ẹ ó jọ ká a, ẹ ó fi tiyín há àjà, a ó sì mú ọmọ àti ìgò rẹ̀ tó ti kún fún irúgbìn tuntun padà. Ìṣòro owó ọkọ̀, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún èmi àti bàbá wọn.

Ẹ bá mi kí gbogbo ìjọ, ẹ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín lọ́jà, ẹ sì sọ òtítọ́ ewé elégédé yẹn fún wọn kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run á wo ẹsẹ̀ yín sàn. Ọwọ́ yín á ká ohun tí ẹ bá gbìn, ẹ ò ní sunkún wa, àwa náà ò ní sunkún yín. Ẹ má gbin nǹkan kan sẹ́yìn ilé ìdáná lọ́dún yìí. Ìbídùn ní kí ẹ jẹ́ kó ṣófo de òun.

Èmi ọmọ yín tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu,
Àṣàkẹ́